Bí télọ̀ ṣe lè fi àjọ ojoojúmọ́ ra máṣíìnì

Ẹ̀yin télọ̀ ẹgbẹ́ mi, ẹ má dúró de ọjọ́ tí owó ńlá máa wọlé. Ní Ṣómólú wa níbí, àjọ ojoojúmọ́ ló ń báni ra máṣíìnì. Ẹ mú iye tí kò ní ni yín lára kódà lọ́jọ́ tí ọjà bá kú; ₦500 tó. Ojú 31 ló wà lórí káàdì alájọ. Tí ẹ bá dá a pé, ₦15,500 nìyẹn. Alájọ á yọ owó ọjọ́ kan fún iṣẹ́ rẹ̀, ẹ ó kó ₦15,000.

Àárọ̀ ni kẹ́ ẹ máa yọ owó àjọ ọjọ́ náà sọ́tọ̀. Kí n tó fẹsẹ̀ kan máṣíìnì, owó àjọ ti wà nínú agolo bọ́tìnì, lábẹ́ àwọn bọ́tìnì gan-an, torí àwọn ọmọ iṣẹ́ mi lójú. Tẹ́ ẹ bá ní ó di ìrọ̀lẹ́, owó epo jẹnẹrétọ̀ á ti jẹ ẹ́.

Ẹ kọ́kọ́ wádìí alájọ lọ́wọ́ àwọn ìyá ọjà. Wọ́n mọ ẹni tó ti sá lọ rí. Kó sì máa sàmì sí káàdì lójú yín.

Tẹ́ ẹ bá kó àjọ, ẹ má gbé owó náà sùn nílé o. Ẹ máa gbé e lọ fún oní-máṣíìnì títí owó máṣíìnì á fi pé, kẹ́ ẹ sì máa gba rìsíìtì.