Ìdí Tí Ọ̀gẹ̀dẹ̀ Àgbagbà Kò Fi Ní Kóró, àti Bí A Ṣe Ń Yan Ọmọ Rẹ̀

Bí iná bá kú, a fi eérú bojú. Bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá kú, a fi ọmọ rẹ̀ rọ́pò. Òwe yìí kò sọ ìdí tí ọ̀gẹ̀dẹ̀ fi ń fi ọmọ rọ́pò dípò kóró.

Ọ̀gẹ̀dẹ̀ inú igbó méjì ló bí àgbagbà: Musa acuminata àti Musa balbisiana, ará Éṣíà ni méjèèjì. Kóró dúdú líle ló kún inú èso wọn. Nígbà tí lẹ́búlẹ́bú òdòdó ọ̀kan bọ́ sínú òdòdó èkejì, wọ́n bí ọmọ àdàpọ̀. Irú rẹ̀ pọ̀ láàrin àwọn igi tó ń yọ òdòdó. Ọsàn tí à ń bó jẹ àti àlìkámà inú búrẹ́dì, ọmọ àdàpọ̀ náà ni wọ́n.

Ìpín ìran (ohun àjogúnbá tí òbí ń fi fún ọmọ) mẹ́ta ló wà nínú àgbagbà, méjì láti ara acuminata, ọ̀kan láti ara balbisiana. Kí igi tó ṣe kóró, ó ní láti pín ìran rẹ̀ sí méjì ọgbọọgba. Ẹ gbé ẹyin mẹ́ta fún ọmọ méjì, kí ẹ wo ìjà! Bí kóró ṣe bà jẹ́ nìyẹn, tí à ń jẹ dòdò láìtu nǹkan kan dànù.

Ṣùgbọ́n ọmọ tí ẹ yọ lára ìyá kan, ìyá yẹn gan-an ni. Àìsàn tó bá mọ ọ̀kan pa, á mọ gbogbo oko pa. Ẹ wo Black Sigatoka, olú tín-ín-tín tó ń sọ ewé di dúdú tí yóò fi gbẹ: kò sí àgbagbà ìbílẹ̀ wa tó lè dènà rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ má ṣe yọ ọmọ lára ìyá tó ń ṣàìsàn, bó ti wù kí ẹni tó fún yín lawọ́ tó. Èyí tí ewé rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ bí idà ni kí ẹ mú. Elewé gbàgà-gbàgà kì í lágbára. Ẹ gé gbòǹgbò rẹ̀, ẹ bó ìdí rẹ̀ títí yóò fi funfun, kí ẹ rì í sínú omi tó ń hó fún ìṣẹ́jú àáyá 30 péré, nítorí aràn àti kòkòrò tó ń gbẹ́ ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ẹ fi mítà 3 sáàrin ìlà kan sí èkejì, mítà 2 sáàrin ìdí kan sí èkejì lórí ìlà. Lẹ́yìnkùlé, ẹ̀gbẹ́ àkìtàn ló dára jù.

Láti ìparí àwọn ọdún 1980 ni IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà ní Ìbàdàn, ti ń da àgbagbà pọ̀ mọ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ igbó kan tó ń jẹ́ Calcutta 4, wọ́n sì ti rí àwọn ọmọ tí Sigatoka kì í tètè mú. Bí ẹ bá rí irú rẹ̀, ẹ gbin ìdí mẹ́ta tàbí mẹ́rin lọ́tọ̀ ná. Ẹ dín in, ẹ sè é, kí àwọn ará ilé tọ́ ọ wò, kí ẹ tó fi kún oko.