Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Nípa Bí Kòrónà Ṣe Gba Iṣẹ́ Lọ́wọ́ Ọ̀dọ́ àti Àgbà

Ẹ̀yin tí ẹ ń kó iye jọ fún ẹgbẹ́ ọmọ Yorùbá l'Ábújá, ẹ má fi iye aláìríṣẹ́ 33.3 nínú ọgọ́rùn-ún ti 2020 wé 4.1 ti 2023. Àṣìṣe yìí ló ń ṣi àwọn èèyàn lọ́nà jù. Lọ́dún 2020, ẹni tí kò bá ṣiṣẹ́ tó wákàtí 20 lọ́sẹ̀, aláìríṣẹ́ ni NBS, àjọ ìjọba tó ń kó iye jọ ní Nàìjíríà, kà á sí. Òṣùwọ̀n yẹn ló gbé 27.1 nínú ọgọ́rùn-ún jáde fún oṣù kẹrin sí ìkẹfà, ó sì di 33.3 nígbà tí ọdún ń parí lọ. Ní 2023, wọ́n yí òṣùwọ̀n padà: wákàtí kan péré lọ́sẹ̀ ti tó. Ni iye bá já wá sí 4.1. Káfíńtà ní Nyanya tó ríṣẹ́ wákàtí mẹ́ta ṣe lọ́sẹ̀, aláìríṣẹ́ ni lójú ti àtijọ́, òṣìṣẹ́ ni lójú ti tuntun, bẹ́ẹ̀ owó tó mú wálé kò fi kọ́bọ̀ kan yàtọ̀. Ẹ kọ ọdún àti òṣùwọ̀n sí ẹ̀gbẹ́ iye kọ̀ọ̀kan.

Ẹ má da gbogbo ọ̀dọ́ pọ̀. Níparí 2020, iye aláìríṣẹ́ láàrín àwọn ọmọ ọdún 15 sí 24 jẹ́ 53.4 nínú ọgọ́rùn-ún, ti ọmọ ọdún 25 sí 34 jẹ́ 37.2. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọṣẹ́ ni ọ̀gá sábà máa ń kọ́kọ́ dá dúró.

Bí iye aláìríṣẹ́ láàrín àgbà bá tilẹ̀ kéré, kò ní kí àgbà má jìyà. Ẹni tó ń wá iṣẹ́ nìkan ni wọ́n ń kà mọ́ aláìríṣẹ́. Ìyá olóúnjẹ tó ti búkà rẹ̀ pa, tó wá jókòó sílé láìwá nǹkan mìíràn, ti bọ́ kúrò nínú ìṣirò pátápátá. Láti ìdajì kejì 2018 sí àárín 2020, àwọn tí wọ́n kà sí òṣìṣẹ́ àti olùwáṣẹ́ lọ sílẹ̀ láti nǹkan bíi mílíọ̀nù 90.5 sí 80.3. Ó dùn wá pé a kì í sábà wo ibẹ̀.

Ẹ má sì bi ọmọ ẹgbẹ́ pé, "Ṣé o níṣẹ́?" Oníṣòwò ní Wuse tó ń tajà lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ á ní bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ bi í ní ọjọ́ orí rẹ̀, wákàtí tó ń ṣiṣẹ́ lọ́sẹ̀ kí kónílé-ó-gbélé tó bẹ̀rẹ̀ ní 30 oṣù kẹta 2020, àti èyí tó ń ṣe lẹ́yìn tí wọ́n dẹ̀ ẹ́ ní 4 oṣù karùn-ún.