Ẹ dúró de ọ̀gbẹlẹ̀ kẹ́ ẹ tó lọ Yankari
Ẹ̀yin ará, tẹ́ ẹ bá fẹ́ lọ wo ẹranko ní Yankari, igbó ọba tí wọ́n ti ń dáàbò bo ẹranko ní Bauchi, ẹ jẹ́ kó bọ́ sí oṣù kejì sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹrin, ẹ má wulẹ̀ náwó lọ lásìkò òjò. Ìdí ẹ̀ ni pé tí ọ̀gbẹlẹ̀ bá ti mú dáadáa, àwọn kòtò omi inú igbó á ti gbẹ, odò Gaji ló máa kù, ibẹ̀ náà ni erin àti ẹfọ̀n á ti máa wá mumi, koríko náà á ti gbẹ tàbí kí iná ti jó o, ojú yín á wá ríran jìnnà. Mọ́tò àárọ̀ kùtù ni kẹ́ ẹ bá wọgbó, tàbí ti ìrọ̀lẹ́, torí lọ́sàn-án gangan gbogbo wọn ti sá sábẹ́ igi, ẹ̀yin náà ẹ yáa lọ lúwẹ̀ẹ́ ní Wikki, ìsun omi tó wà nínú Yankari níbẹ̀, omi ẹ̀ lọ́ wọ́ọ́rọ́ tọ̀sán tòru, bíi 31°C. (Ẹ ti wíńdò o, àwọn ọ̀bọ ibẹ̀ ò mọ̀ pé oúnjẹ yín kì í ṣe tiwọn.) Àmọ́ ooru ìgbà yẹn kì í ṣe kékeré, tí òjò àkọ́rọ̀ bá sì ti rọ̀ báyìí erin á fọ́n ká, kìnnìún ní tiẹ̀, ẹ má fi gbogbo ara retí ẹ̀, wọn ò pọ̀ mọ́.