Bí Mo Ṣe Mú Katakata Bàbá Mi Dún Lẹ́yìn Ọdún Mẹ́sàn-án

Ọdún mẹ́sàn-án gbáko ni katakata bàbá mi fi wà lábẹ́ àtíbàbà páànù kan ní oko wa lẹ́bàá Àjàṣẹ́-Ìpo, tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn án. Massey Ferguson 135 ni, irú èyí tí wọ́n ṣe ní ìlú Coventry nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti ọdún 1964 títí di 1975. Ẹ́ńjìn Perkins onísìlíńdà mẹ́ta tó ń lo dísẹ́ẹ̀lì ló wà nínú rẹ̀, agbára rẹ̀ sì tó ti ẹṣin 45. Àlòkù ni bàbá mi rà á, wọ́n sì fi túlẹ̀ oko àgbàdo àti ti ẹ̀gẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún kí àìsàn tó dá wọn dúró sílé. Lẹ́yìn tí wọ́n jáde láyé, ẹ̀ẹ̀mejì ni àwọn tó ń ra irin kọ̀ǹdẹ́ẹ̀mù wá bá ìyá mi pé kí wọ́n tà á fún àwọn, ẹ̀ẹ̀mejèèjì náà ni ìyá mi ní kí wọ́n máa lọ.

Àìrí katakata háyà lásìkò ló jẹ́ kí n dìde sí i. Ẹni tó bá ń dáko ní agbègbè wa mọ̀ pé bí òjò àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀, gbogbo àgbẹ̀ ló ń wá katakata lẹ́ẹ̀kan náà. A ó fi orúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ẹni tó ní in, kí ó sì tó kàn wá, àkókò tó yẹ kí àgbàdo ti wọlẹ̀ á ti kọjá. Lọ́dún tó kọjá, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi dúró. Nígbàkígbà tí mo bá ń lọ sí Ìlọrin, tí mo kọjá ní Ìdófìàn níbi tí ìjọba àpapọ̀ dá ibùdó ẹ̀rọ iṣẹ́ àgbẹ̀ sílẹ̀ sí, ó máa ń dùn mí pé katakata kan wà nílé wa tó dákẹ́. Nígbà tí ọyẹ́ mú, tí iṣẹ́ oko sì dẹwọ́, mo pinnu pé kí òjò ọdún yìí tó dé, tiwa gbọ́dọ̀ dún.

Àwọn ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n ra bátìrì tuntun, kí n da dísẹ́ẹ̀lì sí i, kí n sì tẹ kíkì kí a wò ó bóyá yóò jí. Mo dúpẹ́ pé n kò gbọ́. Bí omi bá ti wọ inú sìlíńdà, tí písítìn sì ti dípẹtà mọ́ ara ògiri rẹ̀, agbára kíkì lè ṣẹ́ ohun tí ọ́ìlì díẹ̀ ì bá tú sílẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Dísẹ́ẹ̀lì ọlọ́dún mẹ́sàn-án tó wà nínú táńkì pẹ̀lú, gbogbo ìdọ̀tí ìsàlẹ̀ táńkì ni ì bá gbé lọ sínú pọ́ńpù. Nítorí náà, fún odindi ọjọ́ méjì àkọ́kọ́, n kò mú sípánà lọ́wọ́ rárá. Mo ń gbá a, mo ń wò ó, mo sì ń kọ ohun tí mo rí sínú ìwé. Eku ti kọ́lé sínú fílítà afẹ́fẹ́, wọ́n ti jẹ ìdajì wáyà iná, táyà iwájú méjèèjì sì ti sán yí ká.

Ohun kan wà tí mo rí tí ọkàn mi fi balẹ̀. Páìpù èéfín katakata yìí nàró sókè ni, ibẹ̀ sì ni òjò sábà máa ń gbà wọ inú ẹ́ńjìn tó bá dúró. Agolo mílíìkì ńlá kan ni bàbá mi dé mọ́ ọn lórí, tí wọ́n sì fi wáyà so yí ká. Agolo náà ti dípẹtà, ó ti fẹ́lẹ́ bí ewé gbígbẹ, ṣùgbọ́n kò tíì lu. Nígbà tí mo tú wáyà rẹ̀, tí mo fi tọ́ọ̀ṣì wo inú páìpù, gbígbẹ ló gbẹ. Mo dúró síbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ pẹ̀lú agolo náà lọ́wọ́ mi.

Àlàájì kan ní Ìlọrin, tí wọ́n ti ń tún Massey ṣe láti ìgbà ọ̀dọ́ wọn, ni mo lọ bá fún ìmọ̀ràn. Lẹ́yìn tí mo kí wọn tí mo sì ṣàlàyé tán, ìbéèrè kan ṣoṣo ni wọ́n bi mí. Wọ́n ní, “Ṣé o ti fọwọ́ yí i?” Mo ní, “Rárá o, Bàbá.” Wọ́n ní, “Lọ fọwọ́ yí i ná. Bí ó bá yí, pè mí. Bí kò bá yí, má fipá mú un, pè mí náà.”

Mo tú nọ́sù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó ń fọ́n epo sínú sìlíńdà, mo sì fi ṣọ́ọ̀kì kọ nọ́ńbà sí ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti jáde. Mo po ọ́ìlì ẹ́ńjìn àti dísẹ́ẹ̀lì tuntun pọ̀ lọ́gbọọgba, mo ro bíi ṣíbí ìjẹun méjì sínú sìlíńdà kọ̀ọ̀kan, mo fi àkísà mímọ́ dí ojú ihò wọn, mo sì fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Ní ọjọ́ kẹrin, lẹ́yìn tí mo rí i dájú pé jíà wà ní nẹ́útírà, mo fi sípánà ńlá mú nọ́ọ̀tì iwájú ẹ́ńjìn tó wà nísàlẹ̀ fáànù, mo sì fà á sí ọ̀nà tí ọwọ́ aago ń gbà yí. Kò mì. Mo sinmi, mo tún fà á. Ó yí ní ìwọ̀n ìka kan, ó sì dúró. Mo dá a padà, mo tún fà á síwájú, mo sì ń ṣe bẹ́ẹ̀ lọ, ṣe bẹ́ẹ̀ bọ̀, títí tí mo fi gbọ́ tí sìlíńdà àkọ́kọ́ mí jáde, fúù, tí àkísà ẹnu rẹ̀ sì fò sókè. Kí ọ̀sán tó pọ́n, ẹ́ńjìn náà ti ń yí po.

Ọ́ìlì ló kàn. Díẹ̀díẹ̀ ni mo tú nọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìn, kí n lè rí ohun tó máa kọ́kọ́ jáde, nítorí omi wúwo ju ọ́ìlì lọ, ìsàlẹ̀ ló sì máa ń fìdí kalẹ̀ sí. Bí ìdajì ife omi ló ṣáájú kí ọ́ìlì dúdú tó tẹ̀ lé e. Mo pààrọ̀ fílítà, mo sì da nǹkan bíi lítà 7 ọ́ìlì tuntun sí i. Omi inú rédíétọ̀ pupa bí ọ̀gbàrá. Mo fi omi mímọ́ ṣàn án títí ó fi mọ́, mo pààrọ̀ họ́ọ̀sì méjèèjì, ẹni tó ń jó rédíétọ̀ sì fi òjé dí ibi méjì tó ń jò. Ríwáyà kan bá mi tún wáyà iná ṣe ní ọjọ́ kan.

Ọ̀ràn dísẹ́ẹ̀lì ló gba àkókò jù lọ. Èyí tí mo fà jáde láti inú táńkì ti ki, àwọ̀ rẹ̀ dà bí ti àgúnmu, òórùn rẹ̀ sì jọ ti póólíṣì tí àwọn káfíńtà ń kùn. Ohun dúdú kan tó ń yọ̀ bí ilá wà nísàlẹ̀, níbi tí omi àti dísẹ́ẹ̀lì ti pàdé. Àwọn kòkòrò tí ojú kò rí ló máa ń hù níbẹ̀ bí omi bá ti wọ inú dísẹ́ẹ̀lì. Mo tú táńkì náà sílẹ̀, mo da òkúta wẹ́wẹ́ àti dísẹ́ẹ̀lì sínú rẹ̀, èmi àti àbúrò mi sì jọ ń mì í títí apá fi ń ro wá. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni a ṣe é kí ohun tó ń jáde tó mọ́. Mo ra fílítà tuntun. Mo kó nọ́sù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ fún àwọn tó ń dán an wò ní Ìlọrin. Méjì ń fọ́n epo jáde bí ìkùukùu bó ṣe yẹ, ṣùgbọ́n ẹ̀kẹta ń kán tó tó, wọ́n sì pààrọ̀ imú rẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í lé afẹ́fẹ́ jáde, nítorí afẹ́fẹ́ tó kéré gan-an nínú páìpù ti tó láti má jẹ́ kí ẹ́ńjìn dísẹ́ẹ̀lì dún. Mo ń fọwọ́ fa apá kékeré tó wà lára pọ́ńpù tó ń gbé epo wá láti táńkì, mo sì dẹ nọ́ọ̀tì orí fílítà títí tí epo fi jáde láìhó, kí n tó dì í. Mo ṣe bákan náà sí nọ́ọ̀tì méjì tó wà lára pọ́ńpù ńlá. Lẹ́yìn náà mo dẹ nọ́ọ̀tì páìpù tó wọ nọ́sù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, mo sì ní kí àbúrò mi tẹ kíkì. Epo kò jáde níbẹ̀ rárá. Mo rò pé afẹ́fẹ́ ṣì kù, mo sì tún gbogbo rẹ̀ ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Odindi ọjọ́ kan ni mo lò lórí èyí, títí tí bátìrì fi rẹ̀. Ibi tí mo ti ṣàṣìṣe nìyẹn: epo ń dé inú pọ́ńpù, kò kàn rí ọ̀nà jáde ni.

Àlàájì dé ní ọjọ́ Sátidé. Wọ́n fọwọ́ kan apá tí a fi ń pa ẹ́ńjìn lára pọ́ńpù ńlá náà, tó jẹ́ irú tí ilé-iṣẹ́ CAV ṣe, wọ́n sì ní, “Ó ti lẹ̀.” Wọ́n fi búrọ́ọ̀ṣì àti dísẹ́ẹ̀lì fọ gbogbo àyíká rẹ̀ kí eruku má baà wọlé, wọ́n tẹ́ aṣọ funfun, wọ́n sì ṣí ìdérí rẹ̀. Ọ̀pá irin kékeré kan wà nínú ibẹ̀, tó jẹ́ pé yíyí rẹ̀ ló ń díwọ̀n epo tí ẹ́ńjìn máa rí gbà. Dísẹ́ẹ̀lì tó gbẹ ti lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú ihò rẹ̀ ní ibi tí ó ti dí ọ̀nà epo pa. Wọn kò fi òòlù kàn án. Wọ́n ń ro dísẹ́ẹ̀lì sí i, wọ́n sì ń fi ìka méjì yí i sọ́tùn-ún sósì fún bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí ó tó jáde. Mo na sánpépà sí wọn, wọ́n kọ̀ ọ́. Wọ́n ṣàlàyé pé ọ̀pá náà ṣe rẹ́gí pẹ̀lú ihò rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ìhalára díẹ̀ yóò fi jẹ́ kí epo máa jò kọjá. Aṣọ àti dísẹ́ẹ̀lì nìkan ni wọ́n fi nù ún títí tó fi ń dán. Nígbà tí wọ́n gbé e sí ẹnu ihò náà tí wọ́n jọ̀wọ́ rẹ̀, ó sọ̀ kalẹ̀ fúnra rẹ̀.

Kí a tó tẹ kíkì, wọ́n ní kí n mú pákó pẹrẹsẹ kan dúró sí ẹnu ibi tí ẹ́ńjìn ti ń fa afẹ́fẹ́. Ìdí ni pé bí ọ̀pá yẹn bá tún lẹ̀ sí ojú ibi tó ti ṣí sílẹ̀, ẹ́ńjìn yóò sáré kọjá ààlà, kò sì ní gbọ́ bí a bá ń pa á. Pákó náà ni a ó fi dé e pa. Wọ́n kìlọ̀ fún mi pé n kò gbọdọ̀ fi àtẹ́lẹwọ́ mi dé e láéláé. A fa apá ìpa-ẹ́ńjìn mọ́ra, a sì tẹ kíkì ní ẹ̀ẹ̀mẹ́rin, ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá mẹ́wàá, títí tí ọwọ́ tó ń fi agbára ọ́ìlì hàn fi gbéra. A wá fi apá náà sílẹ̀, a sì tún tẹ kíkì. Ẹ́ńjìn húkọ́ ní ẹ̀ẹ̀kan, ó húkọ́ ní ẹ̀ẹ̀kejì, ó sì mú un. Èéfín funfun bo gbogbo àtíbàbà, ó di àwọ̀ aró, lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá ó sì mọ́. Ìyá mi ti inú ilé jáde wá, wọn kò sọ̀rọ̀, wọ́n kàn gbé ọwọ́ lé ara rẹ̀ níbi tó ti ń gbọ̀n.

Bí ó ti dún yẹn, kò lè rìn, nítorí páálí kílọ́ọ̀ṣì, tó ń gbé agbára ẹ́ńjìn lọ sí jíà, ti dípẹtà mọ́ irin ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, jíà kò sì gbà. Ẹnìkan ní kí a fi jíà sí i kí a tó fi irin so ẹnu kíkì pọ̀ láti jí i. Àlàájì kọ̀ jálẹ̀, èmi náà sì kọ̀. Àwọn tó ṣe é ṣì máa ń dúró sáàárín táyà ńlá àti ẹ́ńjìn, katakata sì lè gun orí wọn lójú ẹsẹ̀. Ohun tí mo ṣe ni pé mo tẹ pẹ́dà kílọ́ọ̀ṣì mọ́lẹ̀, mo fi igi ayùn tì í kí ó má baà dìde, mo sì ń jẹ́ kí ẹ́ńjìn dún títí yóò fi gbóná dáadáa láàárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹrin, mo gbọ́ ìró kan bí ìgbà tí ẹnìkan fọ́ ẹ̀kùrọ́, jíà sì wọlé wẹ́rẹ́.

Ọ́ìlì inú jíà funfun bí ògì, ìyẹn sì túmọ̀ sí pé omi ti dàpọ̀ mọ́ ọn. Ọ́ìlì kan náà ló ń gbé ohun ìtúlẹ̀ sókè lórí katakata yìí, nítorí náà n kò dá a sí. Nǹkan bíi lítà 30 ni mo dà nù, kí n tó da tuntun sí i. Mo ra táyà iwájú méjì tí ìwọ̀n wọn jẹ́ 6.00-16, mo sì fọ ìpẹtà kúrò lára búréèkì.

Òjò tó tó mu ilẹ̀ kọ́kọ́ rọ̀ ní òpin oṣù kẹta. Lẹ́yìn ọjọ́ méjì, mo fi ohun ìtúlẹ̀ abẹ méjì túlẹ̀ éékà kan àbọ̀ láàárín òwúrọ̀ sí ọ̀sán, mo sì ń sọ̀ kalẹ̀ wo ooru rẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí mo bá dé orígun oko. Mo tún pààrọ̀ ọ́ìlì ẹ́ńjìn lẹ́yìn wákàtí mẹ́wàá iṣẹ́, ó sì ti dúdú bí èédú, nítorí ìdọ̀tí ọdún mẹ́sàn-án ṣì ń tú jáde nínú rẹ̀. Ìdarí rẹ̀ ṣì ń ṣe gọ̀bọ̀gọ̀bọ̀, ọ́ìlì sì ń kán díẹ̀ láti ẹ̀yìn ẹ́ńjìn; mo ti bá Àlàájì sọ pé bí iṣẹ́ àgbàdo bá ti parí, wọ́n yóò wá bá mi tú apá ibẹ̀. Kí ìyẹn tó di ṣíṣe, oko tiwa nìkan ni yóò máa túlẹ̀.