Ooru yìí ò gbọdọ̀ pa ẹja àrọ̀ yín o

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sin ẹja àrọ̀ l'Òṣogbo, ooru ayé ìsìnyí kì í ṣe kékeré mọ́. Tómi pọ́ǹdù bá ti gbóná, atẹ́gùn tẹ́ja ń mí nínú ẹ̀ máa dín kù ni, tẹ́ ẹ bá wá rí wọn láàárọ̀ kùtù tí wọ́n ń yọ ẹnu sókè, ẹ má fún wọn lóúnjẹ rárá, ẹ sáré pààrọ̀ omi ná. Ẹ fi imọ̀ ọ̀pẹ ṣíji bo apá kan. Oúnjẹ ọ̀sán gangan, ẹ fò ó jàre, àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ ti tó (èmi ò tètè gbọ́, ojú mi rí nǹkan). Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lẹ́bàá odò Ọ̀ṣun, ẹ ti ta àwọ̀n yí pọ́ǹdù ká kójò tó dé, torí tódò bá kún, ẹja á bómi lọ.