Bí A Ṣe Ń Wá Nọ́ńbà Oxidation Chlorine àti Àwọn Ìyekan Rẹ̀

Nínú iyọ̀ ọbẹ̀, −1 ni nọ́ńbà oxidation chlorine, ìyẹn iye electron tí a kà pé ó gbà (−) tàbí tó fi sílẹ̀ (+). Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọmọ tí mò ń kọ́ ní lẹ́sìn ní Tankẹ, nílùú Ìlọrin, gbà pé ọ̀rọ̀ parí sí. Ẹ gbé KClO3 síwájú wọn, wọ́n á tún kọ −1.

Ẹ mú pẹ́ńsùlù àti páálí ṣúgà tó ti tán. Ó ṣeé parẹ́ láìya. Ẹni tó bá yọ kálíkúlétọ̀ lọ́dọ̀ mi, ó di ìparí lẹ́sìn kó tó rí i gbà.

Halogen, ìyẹn chlorine àti àwọn ìyekan rẹ̀ bíi fluorine àti iodine, tó bá dá wà, bíi Cl2 tàbí I2, òdo ni. Fluorine inú àdàpọ̀, −1 ni níbikíbi. Ẹ kọ ti àwọn yòókù sábẹ́ wọn: potassium àti sodium +1, oxygen −2.

Ibi tó ń dà wọ́n láàmú ti dé. Oxygen mẹ́ta ló wà nínú KClO3, àmọ́ −2 kan ṣoṣo ni wọ́n máa ń kà, wọ́n á wá gbé +1 jáde. Ẹ fi 3 sọ −2 di púpọ̀, ó di −6. Àwọn mìíràn á ṣe èyí dáadáa, wọ́n á wá gbàgbé àmì, wọ́n á kọ −5. Ìdí nìyí tí mi ò fi jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kọ x dípò nọ́ńbà tí à ń wá. Gbèsè ni mo ń ṣírò, bí àwọn ìyá wa ní Ọjà Ọba, − ni gbèsè, + ni owó tí a san, gbogbo rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ di òdo: oxygen jẹ 6, potassium san 1, ó ku 5 lọ́rùn chlorine. Ẹni tó bá ń sanwó, + ni àmì rẹ̀. +5.

Bílíìṣì, NaOCl: gbèsè 2, sodium san 1, chlorine +1. KIO3 tí wọ́n ń fi sí iyọ̀, bíi KClO3 náà ni.

Bí àmì − bá jókòó léjìká, bíi ClO4⁻, gbèsè kì í tán: 8 ni, 1 yóò ṣẹ́kù, chlorine san 7. Àmì kékeré yẹn ló ń jẹ máàkì wọn.

Bí halogen méjì bá pàdé, èyí tó wà lókè nínú tábìlì àwọn element (periodic table) ló ń jẹ gbèsè. Nínú ClF3, chlorine +3. Fluorine tilẹ̀ ń mú oxygen sanwó: nínú OF2, +2 ni.

Ọ̀nà àbùjá wà o: bí ìbéèrè bá kọ potassium trioxochlorate(V), V yẹn gan-an ni ìdáhùn. Ẹ ṣáà fi + ṣáájú 5.

Cl2O7 ńkọ́? Gbèsè 14, chlorine méjì ló máa pín in san, +7 ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá kọ +14, kó pa á rẹ́: electron 7 péré ni halogen ní níta, kò lè san jù bẹ́ẹ̀ lọ.