Ẹ má fowó yín ṣòfò lọ́nà Òkè Adó: àwọn àṣìṣe tó ti sú mi

Ọ̀yọ́ ni mo ń gbé. Iṣẹ́ mi ni kí n máa mú èèyàn lọ sí Adó-Àwáyé lọ wo Ìyákẹ́, adágún omi tó wà lórí òkè. Méjì péré ni wọ́n ń ka irú rẹ̀ sí láyé. Ìkejì wà ní Colorado, ní Amẹ́ríkà. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé ìrìn àjò tí kò yẹ kó gbọ́n àpò ẹnikẹ́ni gbẹ ni àwọn ọmọ wa fi ń jẹ gbèsè. Ibẹ̀ kò wọ́n. Àìmọ̀ọ́ṣe ló ń kó owó wọn lọ.

1. Háyà ọkọ̀ láti ilé. Ẹ wọ ọkọ̀ èrò láti Ọ̀yọ́ dé Ìsẹ́yìn, kí ẹ tún wọ òmíràn dé Adó, tàbí kí ẹ gun ọ̀kadà. Ẹ̀yin ará Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ kọ́kọ́ bèèrè ní gáréèjì bóyá ọkọ̀ wà tó ń gba ọ̀nà tó lọ tààrà sí Ìsẹ́yìn, kí ẹ tó yí gba Ọ̀yọ́.

2. Sílípáàsì. Àpáta lẹ ń lọ gùn, ẹ jọ̀ọ́.

3. Pípẹ́ kúrò nílé. Ibí gan-an ni mo ti fẹ́ bá yín jà. Bí mo bá ní ká pàdé láàárọ̀ kùtù, mi ò sọ pé ká dúró de ìrẹsì ẹnì kan kó jinná. Tó bá fi di ọ̀sán gangan, àpáta yẹn á ti gbóná bí ìkòkò orí iná, ibi tó yẹ kí ẹ fọwọ́ dì mú ni ẹ óò máa já ọwọ́ kúrò lára rẹ̀. Àtẹ̀gùn 369 ni wọ́n máa ń kà síbẹ̀, ṣùgbọ́n ibi tí àtẹ̀gùn parí sí kọ́ ni omi wà. Ẹ ṣì máa rìn lórí àpáta, ẹ óò kọjá Ìṣàgẹ, òkúta ńlá tó nà ró láìfara ti nǹkan kan, kí ẹ tó rí Ìyákẹ́. Àìmọye èèyàn ló ti dé ìdí Ìṣàgẹ, tó ya fọ́tò, tó sì yí padà pé òun ti rí i tán. Òòrùn ló lé wọn, wọn ò rí omi tí wọ́n torí ẹ̀ jáde nílé.

Ní ọjọ́ kan, èmi àti ọ̀dọ́ méje láti Ògbómọ̀ṣọ́ fàdéhùn sí aago méje àárọ̀ ní Ìsẹ́yìn. Aago méjìlá ti kọjá kí wọ́n tó bọ́ sílẹ̀. Ó yẹ kí n dá wọn padà, àmọ́ àánú wọn ṣe mí, mo ní ká máa lọ. Aago mẹ́rin kọjá ká tó dé etí omi. Nígbà tá a fi máa dìde níbẹ̀, ojú ọ̀run ti pọ́n. Iná fóònù la fi ń wá àtẹ̀gùn. Ọmọbìnrin kan nínú wọn ò lè dúró mọ́, ìdí ló fi ń wọ́ sọ̀ kalẹ̀ láti àtẹ̀gùn kan dé èkejì, aṣọ rẹ̀ ya lẹ́yìn. Èmi ni mo di ọwọ́ rẹ̀ mú títí a fi délẹ̀. Ọwọ́ náà tutù bí omi inú àmù.

A délẹ̀, kò sí ọkọ̀ èrò mọ́. Awakọ̀ kan ṣoṣo tá a rí ní ₦30,000 lòun máa gbà dé Ìsẹ́yìn. ₦10,500 ni àwọn méjèèje san lọ́sàn-án. Wọ́n san án, wọ́n sì tún wá ilé ìtura sùn sí. Bí ẹ bá mọ̀ pé jíjí ò rọ̀ yín lọ́rùn, ẹ sùn sí Ìsẹ́yìn lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Owó oorun yẹn kéré sí ìyà tá a jẹ.

4. Kíkọ amọ̀nà. Ẹni tó lè ra dátà láti fi wo Google Maps lórí òkè ló ń sọ pé owó ọmọ Adó tó máa mú òun lọ ti pọ̀ jù. Fóònù ò mọ ibi tí àpáta ń yọ̀ lẹ́yìn òjò. Fóònù ò sì lè mú yín dé ibi tí wọ́n ń pè ní Agbómọfúnyákẹ́ lórí òkè náà, kó sọ bó ṣe jórúkọ fún yín.

Omi mímu ńkọ́? Ẹ rà á ní Ìsẹ́yìn tàbí nísàlẹ̀ òkè, kó tó lítà méjì fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ẹ má gbọ́kàn lé ẹni tó máa tajà lókè.

Ẹ mú owó wẹ́wẹ́ dání, tíráńsífà lè kọ̀ fún yín.

Ẹ má wẹ̀ nínú Ìyákẹ́. Ohun ọ̀wọ̀ ni omi náà lójú àwọn ará Adó, àlejò sì ni yín.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ wọ ọkọ̀ ojú omi, Ìkéré tó wà lágbègbè Ìsẹ́yìn ni kẹ́ ẹ lọ, níbi tí wọ́n ti sé odò Ògùn. Àwọn kan fẹ́ pa á pọ̀ mọ́ ọgbà ẹranko Ọ̀yọ́ Àtijọ́ tí ìjọba àpapọ̀ ń bójú tó, wọ́n á wá sáré dé Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí, ìlú tó wà lẹ́bàá ọgbà náà, kí wọ́n tó máa bèèrè bí wọ́n ṣe ń wọlé. Ìṣokùn ni olú ọ́fíìsì wọn wà, nínú ìlú Ọ̀yọ́ níbí! Ẹ ti ibẹ̀ bèèrè kẹ́ ẹ tó wọ mọ́tò.

Tẹ́ ẹ bá dé Ìkéré, ẹ bá apẹja ná owó àlọ àti àbọ̀ papọ̀ nígbà tí ẹsẹ̀ yín ṣì wà nílẹ̀. Mo ti rí àwọn tó ná owó àlọ nìkan, àárín omi ni wọ́n ti gbọ́ iye àbọ̀. Ẹ bèèrè ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kéèyàn rì. Bó bá ní kò sí, ẹ jókòó sétí omi, kí ẹ ra ẹja tútù lọ́wọ́ rẹ̀ lọ sílé.